Ẹ̀dọ̀ máòsì tí a gé ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀: kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì kò tíì pín ní wákàtí 24?

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀dọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa níbí. Lórí bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń hù padà ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Máòsì láàbù irú C57BL/6 la ń lò, akọ ni gbogbo wọn, ọmọ ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n wọn gíráàmù 25 sí 27. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó lílo ẹranko ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka òsì àti ẹ̀ka àárín la gé kúrò, ìyẹn nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀. A fún wọn ní BrdU (àmì tó ń wọ inú DNA tuntun, tí a fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é) sínú ikùn, mílígíráàmù 50 fún kílógíráàmù kan, nígbà tó ku wákàtí 2 ká gba ẹ̀dọ̀ náà.

Ní wákàtí 24, nínú 100 sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, àwọn tó mu BrdU kò tó 2. Àwọ̀ ẹ̀dọ̀ náà ṣá, ihò kéékèèké sì kún inú sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ maikirosikóòpù. Nínú 12 tí a ṣe, 3 kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Meloxicam ni apàrora tí a lò, a sì po glúkóòsì 10% mọ́ omi mímu wọn kí ara wọn lè tètè le.

Ṣé abẹ wa ni kò dáa ni, àbí BrdU? Àti pé kí ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ gan-an pé kó bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà, kí ló sì ń sọ fún un pé ó tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

ÀgbàLáàbù fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́. Aago ráàtì lẹ fi ń ka ti máòsì. Ọdún 1931 ni Higgins àti Anderson ṣàlàyé ọ̀nà gígé ìdá méjì nínú mẹ́ta yìí, ráàtì ni wọ́n sì lò. Ara ráàtì náà ni ọ̀pọ̀ òǹkà tó wà nínú ìwé ti wá. Nínú ráàtì, ṣíṣe DNA tuntun máa ń ga jù lọ ní nǹkan bí wákàtí 24 lẹ́yìn abẹ. Ti máòsì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín wákàtí 36 sí 44 ló ti ń ga jù. Ní wákàtí 24 tí ẹ gba ẹ̀dọ̀ yín, sẹ́ẹ̀lì ti jí, àmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe DNA. Kò sí ohun tó ṣe BrdU yín.

Ẹ gbà á ní wákàtí 36, 40, 44, 48 àti 72, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ 7. Tó bá jẹ́ pé owó máòsì ni ò tó, ẹ yọ 36 kúrò, ẹ má ṣe yọ 40. Tẹ́ ẹ bá ń wá àwọn jíìnì tó kọ́kọ́ ń tan, c-fos, c-jun àti c-myc, ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 2 lẹ máa rí wọn. STAT3 (purotéènì tó ń gbé ìròyìn lọ tan jíìnì) tó ti gba fọ́síféètì sára, ẹ wá a láàárín wákàtí 2 sí 6. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ojú wákàtí kan ṣoṣo ṣèdájọ́ ẹ̀dọ̀. Máòsì tó lọ́ra ní wákàtí 6 péré lè dà bí èyí tí kò hù rárá tó bá jẹ́ wákàtí 40 nìkan lẹ wò.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù kì í bá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ dìde pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ń ṣíwájú. Ti ọ̀nà òróòro àti ti Kupffer, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ inú ẹ̀dọ̀, á tẹ̀ lé e. Àwọn tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń kẹ́yìn, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin. Nítorí náà, ẹ fi àmì HNF4α, purotéènì tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ hàn yàtọ̀, sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka BrdU, kẹ́ ẹ lè mọ irú sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ń kà. Tẹ́ ẹ bá ń ka gbogbo ojú dúdú tẹ́ ẹ rí, òǹkà ọjọ́ 3 yín á da yín rú.

Àwọn ihò kéékèèké yẹn, ọ̀rá ni. Ẹ̀dọ̀ tó kù máa ń kó ọ̀rá jọ fún ìgbà díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí pé ọ̀rá ń tú wá láti ara, òun náà sì nílò rẹ̀ fún agbára. Òun ló jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Tí kò bá tíì lọ ní ọjọ́ 4, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó béèrè ohun tó ṣe é.

Nǹkan méjì míì. Àkọ́kọ́ ni aago ojúmọ́. Ní 2003, Matsuo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé aago inú sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣí ilẹ̀kùn pínpín, nípasẹ̀ Wee1, purotéènì tó ń dá pínpín dúró. Máòsì tí wọ́n gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 8 lẹ́yìn tí iná tàn pín ní nǹkan bí wákàtí 40. Èyí tí wọ́n gé ní kété tí iná tàn dúró di nǹkan bí wákàtí 48. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, àsìkò kan náà lójúmọ́ ni àwọn méjèèjì bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ṣe máòsì kan láàárọ̀, tẹ́ ẹ wá ṣe ìkejì nírọ̀lẹ́, ẹ ti da aago méjì pọ̀ sójú kan. Láàárín wákàtí 3 kan náà ni kẹ́ ẹ máa ṣe gbogbo wọn, lójoojúmọ́.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ẹ wọn ẹ̀dọ̀ tẹ́ ẹ gé. Ká ní gíráàmù 0.75 ni, tí ẹ sì gbà pé ẹ̀ka méjèèjì jẹ́ 68 nínú 100, gbogbo ẹ̀dọ̀ ọ̀hún jẹ́ nǹkan bí 1.10, èyí tó kù nínú ikùn sì jẹ́ nǹkan bí 0.35. Gíráàmù 0.35 yìí lẹ máa fi wọn ìdàgbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín ìwọ̀n ẹ̀dọ̀ sí ìwọ̀n ara, ìwọ̀n ara tó ní kí ẹ tó gbé abẹ ni kẹ́ ẹ lò. Máòsì máa ń gbẹ lẹ́yìn abẹ. Tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n ọjọ́ ikú rẹ̀ pín in, ẹ̀dọ̀ á jọ pé ó tóbi ju bó ṣe tóbi lọ.

Ọ̀bẹMímú fèsì pé:

Lórí ikú àwọn 3 yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ti pọ̀ jù. Tí ọwọ́ bá ti mọ́ iṣẹ́ yìí, ikú kì í ju bíntín lọ. Ẹ ṣí ikùn àwọn tó kú, ẹ má kàn sọ wọ́n nù, torí ikùn á sọ ohun tó pa wọ́n.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá kún ikùn, ojóbó òwú ló tú tàbí ló já ẹran. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ka ọ̀tún tó kù ló dúdú, tó wú, tó le, òwú ẹ̀ka àárín ti sún mọ́ vena cava (iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn) jù: ó fún iṣan náà pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Èyí ló ń pa wọ́n jù láàárín òru. Tí omi aláwọ̀ ìyeyè bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 2 tàbí 3, òróòro ló ń jò. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan nínú ikùn, òtútù ló pa á, tàbí oògùn akunnilóorun tó pọ̀ jù.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Isoflurane ni kẹ́ ẹ fi kùn ún lóorun, ẹ má lo oògùn abẹ́rẹ́, torí ẹ̀dọ̀ ló ń fọ oògùn abẹ́rẹ́ kúrò lára, ẹ sì ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ náà. Orí pẹpẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó sùn sí. Ẹ la ikùn ní àárín gbùngbùn, láti ìsàlẹ̀ egungun àyà, bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ẹ̀dọ̀ mọ́ ògiri ikùn lókè, títí ẹ ó fi rí vena cava kedere. Tẹ́ ẹ ò bá tíì rí vena cava, ẹ má tíì mú òwú rárá.

Ẹ̀ka òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Òwú tí ẹ ti rì sínú omi iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé e sókè, ẹ má fi irin mú un. Ẹ̀dọ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, irin á wọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ gba òwú sílíìkì 4-0 kọjá sí ìdí ẹ̀ka náà, ẹ ta kókó mẹ́ta. Kókó àkọ́kọ́ lọ ṣòro: ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ ẹ̀ka náà á fi yí padà, kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá tún fà á sí i lẹ́yìn ìyẹn, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹran. Ẹ wá gé ẹ̀ka náà, kẹ́ ẹ fi kùkùté kékeré sílẹ̀ kí kókó má bàa yọ́ bọ́.

Ẹ̀ka àárín ló nira. Àpò òróòro wà lára rẹ̀ nínú máòsì. Ráàtì kò ní àpò òróòro, ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lára ráàtì fi máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ mú un lọ pẹ̀lú ẹ̀ka náà láìdá a lu. Ẹ jẹ́ kí òwú jìnnà sí vena cava, ó kéré tán mìlímítà 2. Kùkùté tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ á kú, á sì gbẹ, kò ní ṣe ẹ̀dọ̀ ní nǹkan kan. Ó sàn kí kùkùté gùn díẹ̀ ju kí vena cava fún lọ. Ìdá díẹ̀ tó kù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé: tẹ́ ẹ bá gé 62 dípò 68, á hàn nínú ìwọ̀n tí ÀgbàLáàbù sọ.

Ẹ rán ẹran ikùn lọ́tọ̀, ẹ rán awọ lọ́tọ̀. Ẹ fi mílílítà 1 omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sábẹ́ awọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ibi tó sùn sí máa móoru títí á fi dìde rìn. Kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣe àwọn kan tí ẹ máa la ikùn wọn, tí ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ wọn, tí ẹ ò ní gé nǹkan kan. Ẹ̀yìn lẹ máa rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún yín.

OníJíìnì fèsì pé:

Ọ̀bẹMímú ti ṣílẹ̀kùn fún mi níbi tó parí ọ̀rọ̀ sí. Máòsì tí wọ́n kàn la ikùn rẹ̀, IL-6, èròjà ìròyìn kan láàárín sẹ́ẹ̀lì, á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn jíìnì àkọ́kọ́ á tan, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe DNA tuntun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé jíjí sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, mímú un rìn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wọn IL-6 nìkan tó ní òun ti rí ìhùpadà, ìjí lásán ló rí.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó dàgbà kì í sáábà pín. Ó ń sinmi ni. Ohun tó jí i ni TNF, tóun náà jẹ́ èròjà ìròyìn, àti IL-6, láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì Kupffer tó ń ṣọ́ inú ẹ̀dọ̀. Kí ló ta Kupffer jí? Èròjà ara bakitéríà tó ń ti inú ìfun gba iṣan pọ́tà wá, àti C3a pẹ̀lú C5a, àwọn èròjà ìdáàbòbò inú ẹ̀jẹ̀. TNF ń tan NF-κB (purotéènì tó ń tan jíìnì) nínú Kupffer, NF-κB ń mú IL-6 jáde, IL-6 ń tan STAT3 nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ní 1996 ni wọ́n fi hàn pé máòsì tí kò ní IL-6 máa ń ní ìṣòro láti hu ẹ̀dọ̀ padà, tí wọ́n bá sì fún un ní IL-6 kí wọ́n tó gbé abẹ, nǹkan á tún ṣe.

Lẹ́yìn tó bá jí, ó nílò ohun tó máa tì í wọ inú ṣíṣe DNA. Méjì ló ṣe kókó: èròjà ìdàgbà HGF tó ń kan ilẹ̀kùn MET lára sẹ́ẹ̀lì, àti ìdílé èròjà ìdàgbà EGF tó ń kan ilẹ̀kùn EGFR. Ẹ fara balẹ̀ wo HGF yìí, torí inú ẹ̀dọ̀ gan-an ni ilé ìpamọ́ rẹ̀ wà. Ó lẹ̀ mọ́ àwọ̀n tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, okùn kan ṣoṣo ni, kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn gígé, énsáìmù urokinase ti ń dìde. Òun ló ń gé okùn HGF sí méjì tó fi ń di alágbára. Láàárín wákàtí 1 sí 2, HGF inú ẹ̀jẹ̀ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ (stellate cell) àti sẹ́ẹ̀lì inú iṣan ẹ̀jẹ̀ á wá máa ṣe HGF tuntun láti fi rọ́pò. Ní ti EGF, ó ń ti ara ìfun òkè wá lójoojúmọ́; TGF-α, tó wà nínú ìdílé EGF, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá pa MET nìkan, ìhùpadà á dín kù. Tẹ́ ẹ bá pa EGFR nìkan, á pẹ́. Tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ̀dọ̀ ò ní hù, ẹranko á sì ṣe àìsàn ẹ̀dọ̀ dójú ikú. Nínú gbogbo ohun tí àwa èèyàn ti pa lára máòsì láti wo ìhùpadà, ìwọ̀nba ni irú èyí. Àwọn yòókù, norepinephrine, insulin láti páńkíríásì, serotonin inú pílátẹ́ẹ̀tì, omi kíkan inú òróòro (bile acid), ìdádúró ni àìsí wọn máa ń fà.

Ṣùgbọ́n kí ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí gbogbo? Ẹ̀jẹ̀ ni. Ní 1967, Moolten àti Bucher so ráàtì méjì pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa kọjá sínú ara wọn. Wọ́n gé ẹ̀dọ̀ ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ìkejì tí wọn ò fọwọ́ kàn náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe DNA. Iye tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ pọ́tà tó ń wọ ẹ̀dọ̀ odindi, kò dín kù lẹ́yìn abẹ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló wá ń gba gbogbo rẹ̀. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan ń gba ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta EGF, insulin àti èròjà bakitéríà. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ lórí ẹ̀dọ̀ tó kù nìyẹn, a ò tíì sọ nǹkan kan nípa jíìnì.

Ó wá ku ohun tẹ́ ẹ po mọ́ omi wọn. Ẹ yọ glúkóòsì yẹn kúrò. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn gígé, ìlọsílẹ̀ yẹn wà lára ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń mọ̀ pé ó ti kéré jù fún ara. Nínú máòsì tí wọ́n fún ní ṣúgà, p21 àti p27 tó ń di sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ gòkè, pínpín sì dín kù. Meloxicam náà, ẹ má lò ó mọ́: prostaglandin tí énsáìmù COX-2 ń ṣe wà lára ohun tó ń ran pínpín lọ́wọ́, oògùn tó bá dí COX-2 bíi tirẹ̀ lè dá ẹ̀dọ̀ dúró. Buprenorphine ni kẹ́ ẹ lò, mílígíráàmù 0.05 sí 0.1 fún kílógíráàmù, ní wákàtí 8 sí 12 síra wọn. Máòsì tí ẹ kàn la ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba oògùn kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀dọ̀ tún béèrè pé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ṣí ikùn èyí tó kú kẹ́yìn tí a tọ́jú sínú firíìjì: ẹ̀ka ọ̀tún ló dúdú tó sì le, bí Ọ̀bẹMímú ṣe wí gẹ́lẹ́. A ó sún òwú síwájú.

Ṣé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń pín ni, àbí àwọn kan tó dà bí irúgbìn? Àti pé ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ pé kí ló ń dá a dúró.

OníJíìnì fèsì pé:

Lẹ́yìn gígé tó mọ́, kò sí irúgbìn kankan tó ń dúró níbì kan. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó dàgbà fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tí a gé kì í hù padà. Èyí tó kù ló ń tóbi, ìrísí rẹ̀ kò sì ní jọ ti tẹ́lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì máa ń wú kó tó pín. Iṣẹ́ Miyaoka ní 2012 fi hàn pé tí wọ́n bá gé 30 nínú 100 nìkan, wíwú nìkan ń tó, pínpín kò pọn dandan. Tó bá jẹ́ 70, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ló máa wọ inú ṣíṣe DNA, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pín parí. Ọ̀pọ̀ á kàn ní ẹ̀dà DNA tó pọ̀ sí i láìpín sí méjì. Ẹ rí i pé BrdU àti pínpín kì í ṣe ohun kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ àwọn tó pín lóòótọ́, ẹ fi àmì fọ́sífò-histone H3 kún un, kẹ́ ẹ sì ka àwọn tó wà lẹ́nu pínpín gan-an.

Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ò bá lè pín mọ́, bíi nígbà tí wọ́n fún ráàtì ní 2-AAF, kẹ́míkà tó ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ dúró, kí wọ́n tó gé e, ìgbà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà òróòro máa ń wá ràn án lọ́wọ́.

Ní ti ìdádúró, kì í ṣe ọwọ́ kan ṣoṣo ló fà bíréèkì. Gbogbo èèyàn á sọ TGF-β fún yín, tí sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ ń ṣe. Òótọ́ ni pé ó ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ dúró nínú àwo. Àmọ́ ní 2004 wọ́n mú olùgbà TGF-β kúrò lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ máòsì, ẹ̀dọ̀ náà ṣì dúró nígbà tó tó. Activin, ìbátan TGF-β, ń bá a ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ wo àwọ̀n tó yí sẹ́ẹ̀lì ká pẹ̀lú: nígbà tí wọ́n pa ILK, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ àwọ̀n náà lára, ẹ̀dọ̀ hù kọjá ìwọ̀n tó ní tẹ́lẹ̀, ó lé ní ìdajì. HNF4α gbọ́dọ̀ padà sípò kí sẹ́ẹ̀lì tó padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń wọn gbogbo rẹ̀, èrò tèmi ni pé omi kíkan inú òróòro wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó bá kéré kò lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pọ́tà; ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, FXR, olùgbà tó ń mọ̀ ọ́n lára, ń tan, ẹ̀dọ̀ ń dàgbà. Tó bá ti tó ẹrù rẹ̀, ìwọ̀n á padà. Máòsì tí kò ní FXR, ìhùpadà rẹ̀ lọ́ra. Èyí tí oúnjẹ rẹ̀ ní cholic acid (ọ̀kan nínú omi kíkan òróòro) 0.2%, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi láìgé e. Ẹ fi Hippo, ọ̀nà ìròyìn tó ń ṣàkóso ìwọ̀n ẹ̀yà ara, kún un: ní 2007 wọ́n tan YAP, purotéènì tí Hippo máa ń dá dúró, nínú ẹ̀dọ̀ máòsì, ẹ̀dọ̀ kúrò ní nǹkan bí 5 nínú 100 ìwọ̀n ara, ó di bí 25. Nígbà tí wọ́n pa á, ó padà sí ìwọ̀n rẹ̀.

ÀgbàLáàbù fèsì pé:

OníJíìnì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà níbi tẹ́ ẹ fi òróòro ṣe olórí. FXR tún wà nínú ìfun, ó ń mú èròjà ìdàgbà FGF15 jáde tó ń padà wá sí ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá dí òróòro kó má dé ìfun, ó ti pa ọ̀nà méjì pọ̀, kò sì lè sọ èyí tó dá ìdàgbà dúró. Mo gbà pé ẹrù iṣẹ́ ni òṣùwọ̀n náà. Òróòro jẹ́ ọ̀kan nínú ẹrù náà.

Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú ní báyìí. Ẹ ṣe wákàtí 40 àti 48 ná.

Oníṣẹ́AbẹẸ̀dọ̀ fèsì pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi á sọ bó ṣe rí lára èèyàn, torí ẹ̀jẹ̀ pọ́tà tí OníJíìnì sọ ni gbogbo iṣẹ́ wa dá lé.

A kì í gé ẹ̀dọ̀ èèyàn láìkọ́kọ́ fi CT (àwòrán inú ara) wọn iye tó máa kù. Tí ẹ̀dọ̀ bá dáa, 20 sí 25 nínú 100 gbọ́dọ̀ kù. Tó bá ti gba oògùn jẹjẹrẹ fún ìgbà pípẹ́, 30. Tó bá ti ní àpá, 40. Ẹni tó bá fi ẹ̀dọ̀ ọ̀tún rẹ̀ ta èèyàn rẹ̀ lọ́rẹ ń fún un ní nǹkan bí 60 nínú 100, 30 sí 35 sì gbọ́dọ̀ kù sí i lára, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n gbìn sí ara ẹlòmíì gbọ́dọ̀ tó 0.8 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹni náà. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pọ́tà á kàn án lára jù: iṣan inú rẹ̀ á ya, bilirubin (àwọ̀ ìyeyè inú òróòro) á gòkè, omi á kún ikùn. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó jẹ́ oúnjẹ ìdàgbà fún ẹ̀dọ̀ tó tóbi tó, òun náà ló ń pa ẹ̀dọ̀ tó kéré jù.

Nígbà tí ìyókù ò bá tó, a máa ń dí pọ́tà apá tí a máa gé. Makuuchi ló gbé e jáde ní Japan, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1990. Ẹ̀jẹ̀ á yí lọ sí apá kejì, apá yẹn á tóbi láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ìgbà yẹn la tó gé. Tí kò bá tóbi nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi gbà á bí ìkìlọ̀: ẹ̀dọ̀ tí kò dáhùn sí pọ́tà, kò ní dáhùn sí ọ̀bẹ. ALPPS tí wọ́n ṣàlàyé ní Jámánì ní 2012, tí a máa ń dí pọ́tà tí a sì ń la ẹ̀dọ̀ sí méjì pọ̀, ń mú un tóbi láàárín ọjọ́ 9 sí 10, àmọ́ ewu rẹ̀ ga, ikú pọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún.

Lẹ́yìn abẹ, ẹ máa wo fọ́síféètì inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 sí 3, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìrọ́pò. Ọjọ́ 5 ni kẹ́ ẹ wo bilirubin àti INR, òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Tí àwọn méjèèjì bá ga ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀dọ̀ náà ò gbé ẹrù rẹ̀. Ní ti èèyàn, ìdàgbà tó yára jù wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyókù á tó oṣù díẹ̀.

Ní ilé wa, hepatitis B ló ń ba ìhùpadà jẹ́ jù. Àrùn náà ń pa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, sẹ́ẹ̀lì ń pín láti rọ́pò, sẹ́ẹ̀lì ìràwọ̀ sì ń fi àpá dí àlàfo. Àpá yìí ń fún iṣan pọ́tà pọ̀, ó sì ń yí àwọ̀n tí HGF lẹ̀ mọ́ padà; sẹ́ẹ̀lì tó kù á máa wú ní kókó-kókó láàárín àpá. Aflatoxin inú àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu lè ba DNA sẹ́ẹ̀lì tó ń pín jẹ́ nígbà yẹn, jíìnì TP53 tó ń dènà jẹjẹrẹ, ní kódọ́ọ̀nù 249 sì ni ibi tó mọ̀ jù láti bà jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín pé kí ni kí òun lò kí ẹ̀dọ̀ òun lè hù, ẹ sọ fún un kó lọ yẹ HBsAg, àmì hepatitis B nínú ẹ̀jẹ̀, wò. Tenofovir tàbí entecavir tó ń dá àrùn náà dúró ń jẹ́ kí àpá yọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń lò ó déédéé. Kò sí oògùn kankan tí wọ́n fọwọ́ sí tó ń mú ẹ̀dọ̀ hù.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀dọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣé púpọ̀. Èyí la kọ sára pátákó láàbù fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: máòsì 6 fún wákàtí 40, 6 fún 48, 6 fún 72, àti 6 tí a kàn máa la ikùn wọn fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 3 lẹ́yìn tí iná tàn la máa bẹ̀rẹ̀ abẹ. Omi lásán, buprenorphine, òwú jìnnà sí vena cava ní mìlímítà 2, a sì máa wọn ẹ̀ka tí a gé. BrdU, HNF4α àti histone H3 lórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan náà.

Ọ̀bẹMímú fèsì pé:

Ó dáa. Ẹ fi máòsì 2 kún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa gé, torí ọwọ́ yín kò tíì mọ́ ẹ̀ka àárín dáadáa. Ẹni kan náà ni kó máa ta gbogbo kókó òwú.